Ìgò tó bú lóru: bí a ṣe ń fi èso ṣe ẹlẹ́rìndòdò nílé

Ìbéèrè: "Òkun o, Màmá. Mọ̀pà ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú láti fi èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó ṣe ẹlẹ́rìndòdò fáwọn ọmọ mi, kí owó mínírà lè dín kù. Ti àkọ́kọ́, mo se èèpo náà dáadáa nítorí ìdọ̀tí, mo po ṣúgà mọ́ omi rẹ̀, mo dé e fún ọjọ́ méjì. Kò hó rárá, bí omi ṣúgà lásán ló rí lẹ́nu. Ti èkejì, mi ò sè é. Mo da ife ṣúgà kan sí lítà omi kan, mo rọ ọ́ sínú àwọn ìgò onígíláàsì, mo dé wọn pinpin. Lóru ọjọ́ kẹta, ọ̀kan bú gbàù nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n jẹ́ díákónì obìnrin, tọ́ èyí tó ṣẹ́kù nínú ife wò, wọ́n ní ọtí ni mo fẹ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ àwọn mu. Níbo ni mo ti ṣìnà? Ṣé a lè rí èyí tó máa hó, tí kò sì ní di ọtí?"

Òkun o, ọmọ mi. O kú ewu. Kí o tó ka ìdáhùn yìí jìnnà, lọ wo àwọn ìgò tó kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, torí ohun tó mú kí ọ̀kan bú ṣì wà nínú wọn. Kó àwọn ọmọ jáde kúrò nílé ìdáná ná. Rẹ tówẹ́ẹ̀lì tó nípọn sómi, fi bo ìgò kọ̀ọ̀kan látòkè dé ìsàlẹ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án, gbé e sínú bokítí, kí o sì bu omi àmù yí i ká títí yóò fi tutù. Má kó yìnyín sí i, torí gíláàsì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lè sán bí òtútù bá kàn án lójijì. Jẹ́ kí tówẹ́ẹ̀lì wà lórí rẹ̀, gbé ojú rẹ kúrò lókè ìgò, kí o wá máa tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí o bá gbọ́ "ṣíì", dúró kí ó dákẹ́ kí o tó tún tú u. Dà á nù. Lẹ́yìn náà, fi aṣọ tútù nu gbogbo inú kọ́bọ́ọ̀dù, títí kan ìdí àwọn ike àti abẹ́ àwo, kí o sì ju aṣọ náà nù.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹta ọdún kan ni, ní Kabba, nígbà tí ooru mú débi pé ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì kì í tutù mọ́ lóru. Ìgò mẹ́ta ni mo tò sórí pẹpẹ ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike gàrí. Ọ̀kan bú lọ́sàn-án, ó sì fọ́ àwọn méjì tó kù. Mo gbálẹ̀, mo rò pé ó parí. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi obìnrin bu gàrí mu, ó ti da omi sí i, ó ti fẹ́ gbé e dẹ́nu, ló bá rí nǹkan kan tó ń dán létí abọ́. Ègé gíláàsì ni, kò gùn ju èékánná lọ. Gbogbo ike gàrí náà ni mo dà nù lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n. Láti ìgbà náà, n kò tíì rọ ohun tó ń hó sínú gíláàsì mọ́.

Jẹ́ ká wá sórí ohun tó ń hó gan-an, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ méjèèjì wà. Lára èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó, lára atalẹ̀, lára kajú àti èso yòówù tó ti pọ́n, àwọn ohun ẹlẹ́mìí kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Ìwúkàrà ni wọ́n. Àwọn oníbúrẹ́dì ń pè é ní yíìsì. Ṣúgà ni oúnjẹ wọn. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń tu nǹkan méjì síta: gáàsì tó ń jẹ́ carbon dioxide, àti ọtí. Àjọjáde ni méjèèjì. Kò sí ọgbọ́n tí a lè dá kí ìwúkàrà fún wa ní gáàsì kí ó má sì fún wa ní ọtí.

Gáàsì yẹn náà ló wà nínú mínírà tí à ń rà, àmọ́ ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tì í wọ inú omi nílé iṣẹ́. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Joseph Priestley, tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìpọntí kan ní ìlú Leeds, ló ṣàkíyèsí gáàsì tó máa ń bo ojú àgbá ọtí tó ń hó. Ní 1767 ó wá ọ̀nà tí gáàsì náà fi wọ inú omi, ó tọ́ omi náà wò, ó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ní 1772 ó tẹ ìwé jáde láti kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe lè ṣe é. Nítorí náà, lójú àgbá ọtí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ohun tó di mínírà lónìí.

Àwọn ẹlẹ́mu tiwa náà kò ṣàìmọ̀ ọ́n. Wo akèǹgbè ẹmu tí wọ́n ń gbé bọ̀ láti oko, tí ìhó funfun ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Wọn kì í dí i pinpin. Ewé ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde. Ọgbọ́n yẹn ló sá mọ́ ọ lọ́wọ́ nígbà tí o dé ìgò tìrẹ.

Nígbà tí o se èèpo àkọ́kọ́, o pa ìwúkàrà ara rẹ̀. Ṣúgà wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó máa jẹ ẹ́. Ìdọ̀tí tó ń bà ọ́ lẹ́rù kò ju ohun tí omi lè ṣí lọ: fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ọ̀pẹ̀yìnbó náà lódidi lábẹ́ omi tó ń ṣàn, kí o tó bẹ ẹ́. Ìwúkàrà tó fara mọ́ èèpo rẹ̀ kò ní ṣí tán.

Ti èkejì, ṣúgà ló pọ̀ jù, ìdérí ló sì le jù. Ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú mi. Bí ìwúkàrà bá jẹ bíi gíráàmù 4 ṣúgà tán nínú lítà omi kan, gáàsì tó máa ti inú rẹ̀ jáde tó bíi lítà kan. Mínírà tó ń ta ahọ́n dáadáa kò gbà ju bíi lítà 4 gáàsì lọ nínú lítà kan. Ife ṣúgà kan tí o dà sí i tó bíi gíráàmù 200. Bí ìwúkàrà bá ráyè jẹ gbogbo rẹ̀, lítà 50 gáàsì ni yóò máa wá ibi tí yóò gbà jáde nínú ìgò lítà kan. Ká tiẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni wọ́n jẹ, ó ti ju ti mínírà lọ. Ìgò onígíláàsì kì í wú kí ó tó bú, kì í fún èèyàn ní àmì kankan.

Ìyá ọkọ rẹ náà tọ̀nà. Bí ìwúkàrà bá jẹ bíi gíráàmù 80 ṣúgà tán nínú lítà kan, ọtí inú rẹ̀ yóò tó ìwọ̀n 5 nínú 100, ìyẹn bíi ti bíà. Ohun tí o dà sínú ìgò tìrẹ ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, ooru sì ń mú, ọjọ́ mẹ́ta sì ti kọjá. Ahọ́n àgbà kò lè ṣì í mọ̀. Bá mi kí wọn, kí o sì sọ fún wọn pé o ti gbọ́.

Torí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn ni pé ohun tí ìwúkàrà bá mú hó, ọtí wà nínú rẹ̀, ì báà kéré. Mo mọ àwọn tó máa ń sọ pé èyí tó lo ọjọ́ kan péré kò ní ọtí nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi kì í fún ọmọdé mu, n kì í fún aboyún, n kì í sì í gbé e ka iwájú ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ìlera rẹ̀ kò gbà á láyè láìsọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un. Fún àwọn ọmọ rẹ, ọ̀nà mìíràn wà tí ìwúkàrà kò bá wọn dá sí rárá, òun ni kí o sì máa ṣe.

Bẹ ọ̀pẹ̀yìnbó kan tó pọ́n, gé ẹran ara rẹ̀ wẹ́wẹ́, rin atalẹ̀ tó gùn tó àtàǹpàkò mọ́ ọn, da ife omi méjì sí i àti ṣíbí ìjẹun 6 ṣúgà. Gbé e kaná, kí ó hó fún bíi ìṣẹ́jú 15. Fi aṣọ tí o fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ, fún un gbẹ, kí o jẹ́ kí ó tutù pátápátá. Tí fíríjì bá wà tó tutù dáadáa, ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta. Tí kò bá sí, kí ẹ mu ún tán lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún, bù ú dé ìdámẹ́rin ife, fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i tó ṣíbí ìjẹun méjì, fi omi tútù kún un, àmọ́ má jẹ́ kí ó kún dẹ́nu. Ìgbẹ̀yìn ni kí o wá bu baking soda sí i, ìdámẹ́rin ṣíbí ìmutíì péré. Ojú ẹsẹ̀ ni yóò ru sókè, tí yóò máa hó ṣàà. Àwọn ọmọ fẹ́ràn láti máa wo ìgbà tó bá ń ru yẹn, torí náà níwájú wọn ni kí o ti bù ú sí i.

Kíkan ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń bá sódà náà jà tí gáàsì fi ń jáde. Bí sódà bá pọ̀ ju ọsàn lọ, yóò rí lẹ́nu bí omi iyọ̀ tí wọ́n fọ ọṣẹ sí, ìdí nìyí tí mo fi ní ìdámẹ́rin ṣíbí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọdọ̀ máa mu ún lemọ́lemọ́, torí iyọ̀ wà nínú sódà yẹn. Má sì dé e sínú ìgò. Inú ife ni ibùjókòó rẹ̀, kí a sì mu ún kí ìhó rẹ̀ tó rọlẹ̀.

Jọ̀wọ́, gbọ́ èyí dáadáa. Ní ọjà wa, bí o bá kàn sọ pé "sódà" ni o fẹ́ rà, wọ́n lè wọn sódà tí a fi ń se ọṣẹ fún ọ. Ìyẹn máa ń jó ọ̀nà ọ̀fun ni, ó ti ba ayé ọ̀pọ̀ ọmọdé jẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà kéèkì ni kí o ti ra tìrẹ, nínú páálí tàbí ọ̀rá tí wọ́n kọ baking soda sí lára. Baking powder kọ́, kaun kọ́. Kó o sì pa á mọ́ síbi tí kò ti ní bá ti ọṣẹ pàdé.

Tí owó bá wà lọ́wọ́, ra omi oníhòó tí kò ní ṣúgà, tí wọ́n kọ soda water sí lára, kí o dà á lé omi ọ̀pẹ̀yìnbó yẹn. Ó rọrùn jù, ó sì mọ́ lẹ́nu jù.

Ní ti èyí tí ìwúkàrà ń mú hó, tí ìwọ àti ọkọ rẹ lè mu bí ìgbàgbọ́ yín bá gbà á, bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé. Èèpo àti àárín líle ọ̀pẹ̀yìnbó kan tí mo ti fọ̀, omi lítà 2 tí mo ti sè tó sì ti tutù, ṣíbí ìjẹun 8 ṣúgà tí mo gé lójú, àti atalẹ̀ díẹ̀ tí mo gún pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Omi ẹ̀rọ tó bá ń rùn kẹ́míkà, jẹ́ kí ó sùn nínú bokítí láìdé e kí o tó lò ó, torí kẹ́míkà náà ń pa ìwúkàrà. Inú ike ẹlẹ́nu gbẹ̀rẹ̀ ni mo ń kó gbogbo rẹ̀ sí, aṣọ mímọ́ ni mo fi ń bò ó, mo sì ń so ó nítorí eṣinṣin. N kì í fi ìdérí dé e rárá ní ìpele yìí. Mo máa ń fi ṣíbí mímọ́ tẹ èèpo rì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ojú rẹ̀ má bàa gbẹ kó sì bu.

Ní àsìkò ooru, ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀ ti tó. Nígbà ọyẹ́, ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin. Má ka ọjọ́, wò ó lójú. Ìhó funfun wẹ́wẹ́ yóò kọ́kọ́ to ara rẹ̀ yí etí ike ká bí ìlẹ̀kẹ̀, lẹ́yìn náà yóò bo èèpo. Bí o bá gbé etí sún mọ́ ọn, wàá gbọ́ ọ tó ń ta pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, bí epo tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn lára. Òórùn rẹ̀ yóò máa ta sánsán, yóò sì fẹ́ kan díẹ̀. Ìhó funfun kò ṣe nǹkan kan. Bí o bá rí i tó hu irun dúdú tàbí aláwọ̀ ewé, dà á nù pátápátá. Má fi ṣíbí ré ojú rẹ̀ kúrò kí o sọ pé ìsàlẹ̀ ṣì dára.

Sẹ́ ẹ, kí o wá rọ ọ́ sínú ìgò oníke. Ìgò mínírà ni kí o lò, torí ó nípọn láti gba gáàsì. Ìgò omi lásán fẹ́lẹ́ jù. Fi àyè tó ìka mẹ́ta sílẹ̀ lókè. Fọwọ́ fún ìgò náà mọ́ra díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí o tó dé e. Ìgò náà yóò wo wọnú díẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ọwọ́ rẹ ni yóò máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọ. Ní wákàtí díẹ̀ sí i, ibi tó wo wọnú yóò ti padà bọ̀ sípò. Lẹ́yìn náà, yóò máa le. Fi ìgò mínírà kan tí ẹ kò tíì ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o máa fi àtàǹpàkò tẹ méjèèjì. Nígbà tí líle wọn bá dọ́gba, ó ti tó. Ní Mọ̀pà, nínú oṣù kẹta, wákàtí 8 lè ti gbé e débẹ̀. Bí o bá gbé e kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, má sùn kí ilẹ̀ mọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìdí rẹ̀ bá ti wú síta débi pé kò lè dá dúró mọ́, tú ìdérí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kí ó tutù dáadáa kí ẹ tó ṣí i. Omi tó tutù bíi yìnyín lè gba gáàsì mọ́ra ju ìlọ́po méjì èyí tí omi ọ̀sán gangan lè gbà lọ. Bí ẹ bá ṣí i ní gbígbóná, gbogbo gáàsì náà yóò sá jáde lẹ́ẹ̀kan, ìdajì ohun inú ìgò yóò lọ sí àjà, ìdajì tó kù yóò sì di omi kíkan lásán. Fíríjì máa ń mú ìwúkàrà tòògbé, àmọ́ kì í pa á, wọn yóò sì jí bí iná bá lọ láàárọ̀ tí kò dé títí alẹ́. Èmi ò gbọ́kàn lé iná. Ìwọ̀n tí a lè mu tán lọ́jọ́ kan náà ni mo ń ṣe. Nígbà tí iná kò bá sí, mo máa ń fi àpò ìdọ̀họ tó rin gbingbin wé ìgò, màá gbé e sínú abọ́ omi níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tàbí kí n rì í sínú àmù. Ó máa ń tutù tó láti mu, kò kàn ní tutù tó láti tọ́jú pamọ́.

Ohun kan kù tí o kò bèèrè, àmọ́ mi ò lè dákẹ́ nípa rẹ̀, torí àsìkò rẹ̀ la wà yìí. Kajú. Láti Kabba lọ sí Ìyàrà, títí wọ Ìyàgbà lọ́dọ̀ yín, ẹsẹ̀ rẹ yóò máa tẹ èso kajú nílẹ̀ oko. Hóró rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ń rà, hóró la sì ń ṣà. Èso pupa àti òféfèé rẹ̀ tó kún fún omi, eṣinṣin àti ewúrẹ́ la fi í sílẹ̀ fún. Vitamin C inú rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti ọsàn. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí òkìtì rẹ̀ tó ń jẹrà lábẹ́ igi, torí nínú gbogbo èso tí mo ti fi ṣe ẹlẹ́rìndòdò, n kò tíì rí èyí tí òórùn rẹ̀ dára tó o. Ohun tó ń lé àwọn èèyàn sá ni bó ṣe máa ń há ni lọ́fun, àmọ́ ó ní ọgbọ́n.

Ká a lórí igi tàbí kí o ṣa èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já láàárọ̀, tí kò tíì là. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Lọ́ hóró rẹ̀ kúrò, má fi ọ̀bẹ gé e, torí epo inú èèpo hóró náà ń bó èèyàn lára. Wọ aṣọ àtijọ́, àbàwọ́n omi kajú kì í lọ. Fọ èso náà, fi ooru omi gbígbóná sè é lórí asẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o fún omi rẹ̀. Bu ṣíbí ìjẹun kan sítáàṣì gbágùúdá, po ó pẹ̀lú omi tútù, kí o sì rò ó mọ́ lítà kan omi kajú. Jẹ́ kí ó tòrò fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Ohun tó ń háni lọ́fun yóò bá sítáàṣì rọ̀ sísàlẹ̀, tí òkè rẹ̀ yóò máa dán bí omi oyin. Rọra da òkè yẹn sínú ìkòkò mìíràn, kí ó hó lẹ́ẹ̀kan lórí iná, kí o sì gbé e tutù.

Níwọ̀n ìgbà tí iná ti kàn án, ìwúkàrà rẹ̀ ti kú. Ìhó ọ̀pẹ̀yìnbó ni màá fi jí i: ìdajì ife látinú èyí tó ń hó lọ́wọ́ nínú ike, fún lítà 2 kajú. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgò oníke, àyè ìka mẹ́ta, àtàǹpàkò rẹ. Má fi ṣúgà kún un; èyí tó bá inú igi wá ju èyí tó yẹ kó wọ ìgò lọ fíìfíì, torí náà ọ̀dọ̀ kajú gan-an ni kí o ti máa tẹ ìgò wò ní wákàtí méjì-méjì. Fún àwọn ọmọ, bù nínú èyí tó ti hó lórí iná kí o tó da ìhó ọ̀pẹ̀yìnbó sí i, kí o fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ìdámẹ́rin ṣíbí sódà kéèkì yẹn sí ife wọn.